Ṣé Irọ́ Ni Kúróòmù Ń Pa?

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ìbéèrè kan ló ń dà mí láàmú láti ìgbà ìsinmi tó kọjá, kò sì sí nínú ìwé kankan tí wọ́n ní ká kà. Bọ́ńpà mọ́tò kan ló bí i. Bọ́ńpà náà kò gùn ju ìka ọwọ́ mi lọ. Ike ni, kì í ṣe irin, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ dán bí irin tí wọ́n fi kúróòmù bò. Ìbéèrè náà nìyí: bí mo bá mú ike dán títí ẹni tó rí i fi gbà pé irin ni, ṣé mo ti purọ́?

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ti máa sọ pé, "Akéwì, ṣé o ò ríṣẹ́ ṣe ni?" Ẹ fara balẹ̀ ná.

Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń gbé ní London ló mú páálí náà wá. Lọ́hùn-ún, àwọn àgbàlagbà tó nírùngbọ̀n ló ń fi irú rẹ̀ ṣeré. Mọ́tò ni o, ọkọ̀ òfuurufú ni o, gbogbo rẹ̀ á wà ní wẹ́wẹ́ ike nínú páálí, wọn á máa fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ pọ̀, wọn á máa kùn ún lọ́dà, títí yóò fi jọ ti gidi. Èyí tí ẹ̀gbọ́n mi mú wá jẹ́ Volkswagen tí àwa ń pè ní Ìjàpá, ìwọ̀n rẹ̀ sì jẹ́ 1/24, ìyẹn ni pé bí ẹ bá to mẹ́rìnlélógún irú rẹ̀ tẹ̀lé ara wọn, wọn á gùn tó Ìjàpá gidi kan. Ó mọ̀ọ́mọ̀ yàn án ni. Ìjàpá ni bàbá mi ń wà títí ọlọ́jọ́ fi dé. Ọ̀kan ni nínú àwọn tí wọ́n tò ní Ọjọ́, l'Ékòó, lójú ọ̀nà Badagry, níbi tí Volkswagen ti Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò lọ́dún 1975. Ní gbogbo àgbáyé, èyí tó kẹ́yìn nínú irú Ìjàpá yẹn jáde ní Puebla, ní Mẹ́síkò, lóṣù keje ọdún 2003. Ti bàbá mi kò gbọ́ pé wọ́n ti ṣíwọ́. Ó ṣáà ń rìn.

Nínú páálí náà, bọ́ńpà méjèèjì, ọmọrí táyà mẹ́rin àti òrùka iná iwájú ti ń dán láti ilé-iṣẹ́ wá. Inú mi kọ́kọ́ dùn, mo ní iṣẹ́ ti parí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gé bọ́ńpà kúrò lára ọ̀pá ike tó so ó mọ́lẹ̀, ojú ibi tí mo ti gé e là sílẹ̀ bí egbò. Mo tún rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó gba ara rẹ̀ kọjá láti orí dé ìdí, ibi tí mọ́ọ̀dù méjì ti pàdé nígbà tí wọ́n ń da ike náà. Dídán rẹ̀ kò bo ìlà yìí, ńṣe ló ń fi í hàn. Ó sì tún dán ju bó ṣe yẹ lọ, bíi bébà inú páálí sìgá. Ẹni tó bá rí i á mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ohun ìṣeré ọmọdé ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe dídán ti ilé-iṣẹ́ yẹn, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ irọ́ àti òótọ́ ti kọ́kọ́ lọ́ pọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Wọ́n á fi fáníìṣì bo ike náà kí ara rẹ̀ lè jọ̀lọ̀. Wọ́n á gbé e sínú àgbá irin kan, wọn á fa gbogbo afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, wọn á wá mú alumíníọ̀mù gbóná níbẹ̀ títí yóò fi di èéfín. Èéfín yẹn ló ń lẹ̀ mọ́ ike. Alumíníọ̀mù o, irú ti ìkòkò ọbẹ̀ ìyá yín. Kò sí kúróòmù kankan nínú ohun tí gbogbo ayé ń pè ní kúróòmù.

Mo ní irọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n mọ́tò gidi ńkọ́? Mo lọ wádìí. Bọ́ńpà mọ́tò gidi, irin lásán ni. Wọ́n á rì í sínú omi oògùn tí iná mànàmáná ń gbà kọjá. Nígbà púpọ̀ bàbà ló máa ń kọ́kọ́ lẹ̀ mọ́ ọn, níkẹ́ẹ̀lì á tẹ̀ lé e, kúróòmù á wá gorí gbogbo wọn. Kúróòmù tó wà lókè yẹn kì í tó ìdá kan nínú àádọ́ta sísanra irun orí kan ṣoṣo. Níkẹ́ẹ̀lì tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ dídán, kúróòmù kàn ń ṣọ́ ọ ni kí ojú rẹ̀ má baà ṣú. Kódà, ẹ wo orúkọ rẹ̀. Vauquelin, ará Faransé, ló ṣàwárí rẹ̀ lọ́dún 1797, inú èdè Gíríìkì ni wọ́n sì ti mú orúkọ fún un. "Àwọ̀" ni ìtumọ̀ rẹ̀, nítorí oríṣiríṣi àwọ̀ tó máa ń hàn nígbà tó bá pò mọ́ nǹkan mìíràn. Ohun tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Àwọ̀ ni kò wá ní àwọ̀ kan tí a lè pè ní tirẹ̀ nígbà tó bá wà lára bọ́ńpà. Àwọ̀ ojú ọ̀run, àwọ̀ ilẹ̀, àwọ̀ ẹ̀wù ẹni tó dúró síwájú rẹ̀, ìwọ̀nyí ló ń yá lò.

Nítorí náà, bí dídán ike bá jẹ́ irọ́ nítorí pé awọ lásán ni, a jẹ́ pé mọ́tò bàbá mi náà ti purọ́ káàkiri ìgboro fún ọgbọ̀n ọdún. Ẹjọ́ yẹn kò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀. A ní láti wá irọ́ lọ síbòmíràn.

Mo bọ́ dídán ilé-iṣẹ́ kúrò. Jíìkì tí a fi ń fọ aṣọ funfun ni mo dà sínú ike kan, mo ṣí fèrèsé sílẹ̀ nítorí òórùn, mo sọ bọ́ńpà sínú rẹ̀. Kò pẹ́ tí ohun tí wọ́n fi ẹ̀rọ ńlá ṣe fi ṣí lọ bí ẹni tí kò síbẹ̀ rí. Mo fi ọ̀bẹ ha ìlà mọ́ọ̀dù yẹn. Mo fi omi àti sánpépà tó kúnná yún un, 1000 lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà 2000. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Ẹni tí kò bá tíì jókòó fún ọjọ́ mẹ́ta yún ohun tí kò ju ìka lọ, kó má tíì wá sọ ọ̀rọ̀ sùúrù fún mi.

Ìbọn ọ̀dà kan tí kò tóbi ju bírò lọ wà lára ohun tí ẹ̀gbọ́n mi mú wá, pẹ̀lú ìgò kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Alclad II. Ó wá sọ fún mi lórí fóònù pé dúdú ni kí n kọ́kọ́ kùn. Mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló gé ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Bọ́ńpà tó fẹ́ funfun bíi fàdákà, dúdú? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, dúdú tó ń dán gbinrin, kó o sì fi sílẹ̀ kó gbẹ dáadáa kó o tó fọwọ́ kàn án.

Èmi kò ní kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀. Mo gbé e lọ bá ọ̀gá pẹ́ńtà kan ládùúgbò wa, ẹni tó ń kun mọ́tò lábẹ́ igi máńgòrò. Ó wo bọ́ńpà náà lórí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó rín ẹ̀rín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo béèrè ọ̀rọ̀ dúdú yìí, kò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Ọmọ ìwé," ló wí, "nínú omi kànga, ìgbà wo lo máa ń rí ojú ara ẹ?"

Mo ní ìgbà tí omi bá tòrò.

"Ó tòrò, ó ku kí ni? Omi inú abọ́ funfun náà tòrò, ṣé o rí ojú ẹ níbẹ̀? Ìsàlẹ̀ ẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣókùnkùn."

Bó ṣe wí ló rí. Ohun tó wà nínú ìgò yẹn jẹ́ ẹ̀rún irin tó kúnná jọjọ, èèyàn á sì fín in lé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí èémí ẹnu lára dígí. Bí ìsàlẹ̀ bá funfun, ìmọ́lẹ̀ tó bá gba àárín ẹ̀rún irin yẹn kọjá á padà sókè, á sì da ojú rẹ̀ rú, á di eérú. Bó bá dúdú, dúdú á gbé ìmọ́lẹ̀ náà mì. Èyí tó bá ta lára irin nìkan ni ojú á rí. Afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ le, 12 sí 15 psi ti tó. Ọ̀gá pẹ́ńtà ní irú afẹ́fẹ́ yẹn, àwọn ò lè fi fẹ́ná. Èyí tó wá yà mí lẹ́nu jù ni pé bí èèyàn bá fi kún un ju bó ṣe yẹ lọ, kò ní dán sí i, ńṣe ni yóò ṣú. Bọ́ńpà iwájú tí mo kọ́kọ́ ṣe, ọ̀kánjúwà ló bà á jẹ́. Mo rí i tó ń dán, mo ní kí n fi díẹ̀ sí i, ó di ìkòkò. Mo tún bọ́ ọ, mo tún bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ sánpépà.

Bó ṣe ń dán lẹ́ẹ̀kejì ni mo rí ohun kan tí n kò rò tẹ́lẹ̀. Mo ti rò pé ìbòjú ni dídán, pé ohun tí kò dára ni èèyàn ń fi í bò. Òdìkejì rẹ̀ ni. Ọ̀dà tí kò dán ló ń bo nǹkan mọ́lẹ̀. Ẹ fi ọ̀dà ògiri kun ike tó rí gbágungbàgun, kò sẹ́ni tí yóò mọ̀. Ṣùgbọ́n bí ìlà kan tó tẹ́ẹ́rẹ́ ju irun lọ bá wà lábẹ́ kúróòmù, bí eruku kan ṣoṣo bá bà lé dúdú yẹn kó tó gbẹ, kúróòmù á pariwo rẹ̀ fún gbogbo ilé. Ẹni tó bá fẹ́ purọ́, kó má fi kúróòmù purọ́.

Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n náà tún wà ńbẹ̀. Bí mo bá gbé Ìjàpá kékeré yìí sí ìwọ̀n 30 sẹ̀ǹtímítà síwájú ojú mi, bí ẹni pé mo dúró sí ibi tó lé ní mítà méje sí Ìjàpá gidi ni. Láti ibi mítà méje, ta ni bọ́ńpà ń kọ mànà sí lójú bẹ́ẹ̀? Ìdí nìyẹn tí dídán ilé-iṣẹ́ fi jọ irọ́, ó ń pariwo níbi tó yẹ kó sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Àwọn kan wà tó ń kun ère jagunjagun kéékèèké tí wọn kì í lo irin rárá fún ẹ̀wù irin. Eérú, funfun, àwọ̀ ojú ọ̀run àti àwọ̀ ilẹ̀ nìkan ni wọ́n ń lò. Wọ́n á kun ojú ọ̀run sókè, wọ́n á kun ilẹ̀ sísàlẹ̀, wọ́n á fa ìlà dúdú sáàárín níbi tí méjèèjì ti pàdé, ojú á sì búra pé irin ni. Ohun tí ojú ń pè ní kúróòmù, ìròyìn ohun tó yí i ká ni.

Àwa tá a ń kọ́ Yorùbá kò yẹ kí èyí ṣàjèjì sí wa. Robert Farris Thompson, ará Amẹ́ríkà, béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà ilẹ̀ wa nípa ohun tó ń mú ère dára, ó sì tẹ ìdáhùn wọn jáde lọ́dún 1973. Jíjọra wà níbẹ̀. Dídán náà wà níbẹ̀, wọ́n fẹ́ kí ara ère jọ̀lọ̀ kí ìmọ́lẹ̀ lè bá a ṣeré. Ṣùgbọ́n jíjọra tí wọ́n ń wí kì í ṣe àjọtán. Kí ère jọ èèyàn, kó má sì jọ ẹnì kan jù. Mo ti kà á fún ìdánwò, mo ti kọ ọ́ sínú ìwé ìdánwò, mo gba máàkì lórí rẹ̀, n kò sì mọ ohun tí mo kọ. Bọ́ńpà ló wá túmọ̀ rẹ̀ fún mi.

Àwọn àgbà yẹn kan náà ló ní ọjọ́ a kú là ń dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè. Ojoojúmọ́ là ń fi òwe yìí ṣẹ̀fẹ̀ níbi òkú, tí wọ́n bá ń yin ẹni tí kò dáa. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ọ bí ẹni tí kò gbọ́ ọ rí: a ń dère. Ẹlòmíràn ló máa gbẹ́ wa. Sánpépà á wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀dà á wà lọ́wọ́ rẹ̀, a kò sì ní lè sọ pé ibẹ̀ yẹn kọ́ o.

Ní Ọ̀wọ̀, wọ́n máa ń gbẹ́ àkó fún olóògbé tó jẹ́ ẹni ńlá, ère tó tó èèyàn láàyè. Rowland Abíọ́dún kọ nípa rẹ̀ lọ́dún 1976. Wọ́n á wọ aṣọ olówó iyebíye fún un, wọn á sì gbé e káàkiri ìlú. Kò sẹ́ni tó ń sọ pé aṣọ yẹn irọ́ ni, bí olóògbé kò tilẹ̀ wọ irú rẹ̀ lọ sóko rí. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ jọ olóògbé. Bí kò bá jọ ọ́, ta ni wọ́n gbé káàkiri?

Èmi náà ti gbé ẹnì kan káàkiri rí. Èmi ni mo kọ ewì tó wà nínú ìwé ètò ìsìnkú bàbá mi, èmi ni mo sì dìde kà á. Mo kọ níbẹ̀ pé kò bínú sí ẹnikẹ́ni rí, pé ọ̀rẹ́ gbogbo ayé ni. Àwọn èèyàn sunkún. Wọ́n ná mi lówó. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ẹni tí a ń pè ní Bàbá Ìbàdàn, jókòó ní iwájú, kò sunkún. Ọdún mọ́kànlá ni òun àti bàbá mi kò fi bá ara wọn sọ̀rọ̀, nítorí ilé tí bàbá wọn fi sílẹ̀. Nígbà tí èrò túká, ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Àkànbí, ewì ẹ dùn," ló wí. "Ta lò ń kì níbẹ̀?"

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ó dà bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ lóòótọ́.

Bọ́ńpà ẹ̀yìn ni mo wá fi sílẹ̀ ṣe kẹ́yìn. Ìdí ni pé bọ́ńpà ẹ̀yìn mọ́tò bàbá mi kò gún. Lálẹ́ ọjọ́ tí òun àti Bàbá Ìbàdàn jà, ó fi ìbínú fi mọ́tò rìn sẹ́yìn, ó kọ lu òpó géètì ẹ̀gbọ́n rẹ̀, apá òsì bọ́ńpà náà sì tẹ̀ wọnú. Kò tún un ṣe mọ́. Bí pánẹ́bítà bá ti fọwọ́ kan ibẹ̀, á ní, "Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀." Ṣùgbọ́n gbogbo òwúrọ̀ Sátidé ló ń fi àkísà nu bọ́ńpà yẹn, ibi tó tẹ̀ gan-an ló sì ń nù pẹ́ jù.

Ẹnì kejì mi ní yàrá ní kí n má tẹ ike náà. Ó ní òkú kò lè dáhùn, pé ọmọ tó bá ń fi ibi tí bàbá rẹ̀ ti tẹ̀ han aráyé kò dáa. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ wúwo lọ́kàn mi, n kò lè fi ọwọ́ gbá a dànù. Nínú àwọn tó ń to mọ́tò kéékèèké yìí, àwọn kan wà tí wọ́n máa ń fi ọ̀dà ìpáàdà àti ẹrẹ̀ kun mọ́tò títí ojú rẹ̀ á fi bàjẹ́, bí ẹni pé ohun tó bá ti dọ̀tí ti di òótọ́ nìyẹn. Irọ́ tiwọn náà nìyẹn. Bàbá mi kò dọ̀tí. Bí mo bá kun bọ́ńpà rẹ̀ ní ìpáàdà, á burú ju ewì mi lọ.

Mo gbé omi kaná. Nígbà tí ó hó, mo rẹ bọ́ńpà ẹ̀yìn sínú rẹ̀ títí ike náà fi rọ̀, mo fi àtàǹpàkò tẹ apá òsì rẹ̀ wọnú díẹ̀. Ó tẹ̀ jù. Mo dá a padà sínú omi. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ṣe é kó tó jọ. Lẹ́yìn náà mo yún un, mo kùn ún ní dúdú, mo fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ márùn-ún, mo wá fín kúróòmù lé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, mo sì dáwọ́ dúró nígbà tí ọkàn mi ń sọ pé kí n fi díẹ̀ sí i. Ibi tó tẹ̀ yẹn ló dán jù, nítorí ibẹ̀ ni ojú ọ̀run àti ilẹ̀ ti yí padà pọ̀ mọ́ ara wọn.

Ìyá mi kò mọ̀ pé mo ti parí rẹ̀. Ó gbé e sókè lórí tábìlì, ó yí i padà, ó sì fi ìka kan ibẹ̀ kí n tó lè ké pé rárá. Èèyàn kì í fọwọ́ kan Alclad, àtẹ̀ka kì í kúrò lára rẹ̀. Bí èèyàn bá sì fi fáníìṣì bò ó láti dáàbò bò ó, á pàdánù dídán, nítorí náà n kò fi nǹkankan bò ó. Ìyá mi kò sọ nǹkan púpọ̀. Ó ní, "Ó mà jọ ọ́ o." Ó gbé e kalẹ̀, ó lọ sí ilé ìdáná.

Àtẹ̀ka náà ṣì wà níbẹ̀ lápá òsì, n kò tún un fín. Mọ́tò náà wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù ní pálọ̀ wa, ó kọ ẹ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà. Ìrántí ọdún bàbá mi ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Bàbá Ìbàdàn sì ti ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀. Wọ́n tún ní kí n kọ ewì. Mo ti yún un lẹ́ẹ̀mẹ́jọ báyìí, kò tíì tó ohun tí mo lè fín nǹkankan lé lórí.